Ìborí ní 1 Kọ́ríńtì orí 11, ìdákẹ́ ní orí 14: èwo ni ká mú?

Ìyàwó Tuntun:
Ẹ kú iṣẹ́ Olúwa, ẹ̀yin bàbá àti ìyá wa. Inú ìjọ Onítẹ̀bọmi ni wọ́n ti tọ́ mi dàgbà, níbi tí ẹni tó bá fẹ́ wé gèlè ti ń wé e, tí ẹnikẹ́ni kì í sì í bá ẹni tí kò wé e wí. Láti ìgbà tí mo ti ṣègbéyàwó ni mo ti ń bá ọkọ mi lọ sí ìjọ tirẹ̀, níbi tí obìnrin kò ti gbọdọ̀ gbàdúrà láìbo orí, ì báà jẹ́ nínú yàrá rẹ̀. Ìborí kọ́ ló ń dà mí láàmú, nítorí gèlè kò wúwo lórí mi. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo dìde láti jẹ́rìí ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, alàgbà kan ní kí n jókòó, ó sì ka 1 Kọ́ríńtì 14:34 sí mi létí pé kí obìnrin dákẹ́ nínú ìjọ. Mo délé, mo ṣí orí 11, mo sì rí i pé ẹsẹ 5 tí wọ́n fi ń pàṣẹ ìborí ń sọ̀rọ̀ nípa obìnrin tó ń gbàdúrà tàbí tó ń sọ tẹ́lẹ̀. Bó bá jẹ́ pé kí ó dákẹ́ ni, kí ni yóò wá máa bo orí sọ tẹ́lẹ̀ fún?

Olùkọ́ Ilé-Ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi:
Arábìnrin, ẹ kú làákàyè. Àwọn ará Róòmù ló tún ìlú Kọ́ríńtì tẹ̀ dó ní ọdún 44 ṣáájú ìbí Kristi, lẹ́yìn tí wọ́n ti pa á run, àṣà wọn sì ni pé ọkùnrin tó bá ń rúbọ a máa fa aṣọ rẹ̀ bo orí. Èyí lè jẹ́ ìdí tí orí 11 ẹsẹ 4 fi sọ fún ọkùnrin pé kí ó má bo orí, ọ̀rọ̀ tí a kì í sábà wàásù lé lórí.

Ẹ tún wo ọ̀rọ̀ èdè. Ọ̀rọ̀ kan náà ni Gíríìkì ń lò fún ọkùnrin àti ọkọ, ọ̀kan náà fún obìnrin àti aya, nítorí náà ẹni tó bá ń túmọ̀ ẹsẹ 3 sí Yorùbá gbọ́dọ̀ yan èyí tó fẹ́. Bí a bá ní ọkọ ni orí aya, ọ̀rọ̀ inú ilé ni. Bí a bá ní ọkùnrin ni orí obìnrin, gbogbo ọkùnrin inú ìjọ, títí kan ọmọ tí ẹ fọwọ́ ara yín pọ̀n, ti di orí yín nìyẹn.

Ní ti orí 14, ẹ̀ẹ̀mẹta ni Pọ́ọ̀lù pàṣẹ ìdákẹ́ níbẹ̀. Ẹsẹ 28 ní kí ẹni tó ń fi èdè fọ̀ dákẹ́ bí kò bá sí ògbufọ̀. Ẹsẹ 30 ní kí wòlíì dákẹ́ bí ìṣípayá bá dé bá ẹlòmíràn. Kò sí ẹni tó sọ pé kí àwọn méjèèjì wọ̀nyí dákẹ́ títí ayé. Ẹ̀kẹta ni ti obìnrin ní ẹsẹ 34, ẹsẹ 35 sì fi hàn pé ìbéèrè bíbi ni ọ̀rọ̀ náà dá lé.

Arákùnrin Ìwà Mímọ́:
Mo bọ̀wọ̀ fún bàbá, ṣùgbọ́n mi ò lè gbà pé àṣà Róòmù ló gbé ọ̀rọ̀ yìí dúró. Ìṣẹ̀dá ni Pọ́ọ̀lù tọ́ka sí ní orí 11 ẹsẹ 8 àti 9, ó mẹ́nu kan àwọn áńgẹ́lì ní ẹsẹ 10, ó sì ní àwọn ìjọ Ọlọ́run kò ní àṣà mìíràn. Nínú 1 Tímótì 2, ó ní òun kò gbà kí obìnrin kọ́ni, ìdí tó sì fi sọ bẹ́ẹ̀ ni pé Ádámù ni a kọ́kọ́ dá. Ìsọtẹ́lẹ̀ yàtọ̀ sí ìkọ́ni. Ẹ̀rí tí arábìnrin fẹ́ jẹ́ kì í ṣe ìkọ́ni, mo gbà pé alàgbà yẹn kù díẹ̀ káàtó. Ṣùgbọ́n kí a má tìtorí rẹ̀ bọ́ ìborí sọnù.

Ìyá Aládùúrà:
Ta ló bọ́ ọ sọnù? Láti kékeré ni mo ti ń bo orí nínú Kérúbù àti Séráfù, ìjọ tí Mósè Orímọládé àti Krìstíánà Abíọ́dún Akínṣọ̀wọ́n jọ dá sílẹ̀ ní Èkó ní 1925. Ọ̀dọ́mọbìnrin ni Abíọ́dún nígbà náà, ọ̀rọ̀ ìran tó rí ni ó sì kó èrò jọ. Síbẹ̀, nínú ọ̀pọ̀ ìjọ aláṣọ funfun lónìí, a ó bo orí, a ó ríran, àwọn ọkùnrin a kúnlẹ̀ gbọ́ ohun tí Ẹ̀mí sọ láti ẹnu wa, a kò sì gbọdọ̀ tẹ ẹsẹ̀ mọ́ ibi pẹpẹ. Arákùnrin ka ẹsẹ 8 àti 9. Kí ló dé tí wọn kò ka ẹsẹ 11 àti 12, níbi tí Pọ́ọ̀lù ti ní obìnrin ni ọkùnrin náà ti ara rẹ̀ wá?

Ọmọ Àgùdà:
Òfin ìjọ wa ti 1917 pàṣẹ ìborí fún obìnrin. Èyí tó rọ́pò rẹ̀ ní 1983 kò mẹ́nu kàn án mọ́. Ìyá mi ṣì ń dè é, èmi kì í dè é, orí ìjókòó kan náà la sì ń jókòó sí.

Ìyàwó Tuntun:
Ẹ ṣé gan-an ni. Mo fi ẹsẹ 28 àti 30 han ọkọ mi ní alẹ́ àná. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó ní kí n jẹ́ kí òun bá alàgbà sọ ọ́. Mo ní kí a jọ lọ.