Ẹ̀rọ BP nílé: nọ́ńbà wo ni ká gbà gbọ́?

Àdùkẹ́_Òṣogbo:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Lórí ọ̀rọ̀ kí èèyàn pẹ́ láyé, ìmọ̀ràn ti pọ̀ jù: omi òrombó, ààwẹ̀ wákàtí 16, mọ̀ríńgà, kápúsù oríṣiríṣi. Ọkùnrin ẹni ọdún 58 kan ni mo ń béèrè fún. Kì í mu sìgá, kò ní ìtọ̀ ṣúgà. Ẹ̀rọ BP ilé rẹ̀ pe 158/94 láàárọ̀, ó pe 136/84 lálẹ́, nígbà tó fi máa tó ìṣẹ́jú márùn-ún sí i, ó tún ti di 149/90. Èwo ni ká gbà gbọ́ nínú wọn? Ṣé BP yìí gan-an ló yẹ kó kọ́kọ́ mójú tó, àbí nǹkan mìíràn wà tó jù ú lọ?

Nọ́ọ̀sì_Àgbà:

BP ni kó kọ́kọ́ mú, mọ̀ríńgà lè dúró ná. Ìwádìí SIREN, tí wọ́n ṣe ní Nàìjíríà àti Gánà tí àbájáde rẹ̀ jáde lọ́dún 2018, fi ẹni 2,118 tí rọpárọsẹ̀ kọ lù wé iye èèyàn kan náà tí kò kọ lù. Nǹkan mọ́kànlá tó ń fà á tí èèyàn lè ṣe nǹkan sí ni wọ́n rí. Ẹ̀jẹ̀ ríru ló ṣíwájú, ó sì fi àwọn tó kù sílẹ̀ réré.

Ní ti nọ́ńbà mẹ́ta yẹn, ó jọ pé bó ṣe ń wọ̀n ọ́n ló ń dà á rú. Kó lọ tọ̀ kó tó jókòó, torí àpò ìtọ̀ tó kún lè ti nọ́ńbà òkè (bíi 158 nínú 158/94) sókè tó 10. Láàárọ̀, kó wọ̀n ọ́n kó tó jẹun, kó tó mu kọfí, kó tó lo oògùn. Àga tó ṣeé fẹ̀yìn tì ni kó lò, kó tẹ ẹsẹ̀ méjèèjì mọ́lẹ̀, kó má gbé ọ̀kan kọ́ èkejì. Lẹ́yìn náà kó dákẹ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Ibi ìdákẹ́ yìí ló ti ń ṣòro nílé Yorùbá: ẹni tó bá wọlé á kí i, òun náà á fẹ́ dáhùn, bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ sísọ lásán ń gbé BP ga. Kí wọ́n ti ilẹ̀kùn, kó pa fóònù.

Kó gbé apá lé tábìlì, kí aṣọ ẹ̀rọ tí wọ́n wé mọ́ ọn wà ní ọ̀gangan ọkàn. Bí apá bá rọ̀ sísàlẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 10, ẹ̀rọ á fi bíi 8 kún un. Ara lásán ni kí wọ́n wé aṣọ náà mọ́, kì í ṣe orí bùbá. Ẹ má sì ká ọwọ́ aṣọ sókè kó wá fún apá pinpin. Kí etí ìsàlẹ̀ rẹ̀ jìnnà sí ìgúnpá ní ìwọ̀n ìka méjì.

Ohun tí àwọn èèyàn kì í yẹ̀ wò ni ìwọ̀n aṣọ yẹn. Ẹ fi tépù télọ̀ wọn àárín apá òkè rẹ̀ yíká. Aṣọ tó máa ń bá ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ wá, apá tó wà láàárín sẹ̀ǹtímítà 22 sí 32 ló wà fún, wọ́n sì máa ń kọ ọ́ sára rẹ̀. Bí apá rẹ̀ bá jẹ́ 35, nọ́ńbà á máa ga ju bó ṣe yẹ lọ títí láé, wọ́n á sì máa fi oògùn lé ohun tí kò sí. Kí wọ́n ra èyí tó tóbi. Mi ò gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn ẹ̀rọ ọrùn ọwọ́.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kó wọn apá méjèèjì. Èyí tó bá ga jù ni kó máa lò láti ìgbà náà lọ. Ẹ̀ẹ̀mejì láàárọ̀, ẹ̀ẹ̀mejì lálẹ́, kó fi ìṣẹ́jú kan sáàárín, fún ọjọ́ méje gbáko. Kó kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, kó má ṣa èyí tó dùn ún nínú. Kó da ti ọjọ́ kìíní nù, kó ro mẹ́rìnlélógún tó kù pọ̀, kó fi 24 pín in. Bí ohun tó jáde bá tó 135/85 tàbí ó jù bẹ́ẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ríru ni (140/90 tí ẹ máa ń gbọ́, ti ọsibítù nìyẹn), kó sì mú ìwé náà tọ dókítà lọ.

Bó bá tó 180/120 tàbí ó jù bẹ́ẹ̀, tí àyà ń dùn ún, tí èémí ń há, tí ojú ń ṣú tàbí tí apá kan ara ń kú, ọsibítù lójú ẹsẹ̀. Bí kò bá sí ìkankan nínú wọ̀nyẹn, kó sinmi ìṣẹ́jú márùn-ún kó tún un wọ̀n. Bí kò bá wálẹ̀, kó rí dókítà lọ́jọ́ náà.

Onímọ̀_Oúnjẹ:

Kí n fi kún ti nọ́ọ̀sì. Nínú nǹkan mọ́kànlá yẹn, bíbu iyọ̀ sí oúnjẹ tó ti délẹ̀ wà níbẹ̀, àìjẹ ẹ̀fọ́ aláwọ̀ ewé náà wà níbẹ̀.

Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí iyọ̀ àgbàlagbà má tó gíráàmù 5 lóòjọ́, ìyẹn ò ju bíi ṣíbí tíì kan tí a fi ọ̀bẹ gé orí rẹ̀. Gbogbo èèyàn ló máa ń sọ pé àwọn kì í jẹ iyọ̀ púpọ̀. Ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ já ọ̀rá iyọ̀ sára rẹ̀, kẹ́ ẹ wo ọjọ́ tó tán. Bí èèyàn mẹ́rin bá jẹ kílò kan tán lóṣù, ó lé ní gíráàmù 8 tó ń kan ẹnì kọ̀ọ̀kan lóòjọ́, a ò tíì ka magí. (Ilé tí wọ́n ń fi iyọ̀ fọ ìgbín, kí wọ́n yọ ìyẹn kúrò.)

Magí ló wá ń ba ìṣirò jẹ́. Ó ju ìdajì rẹ̀ lọ tó jẹ́ iyọ̀. Ẹni tó ju horo mẹ́rin oní-gíráàmù 4 sínú ìkòkò ti fi iyọ̀ tó ju ṣíbí tíì kan àtààbọ̀ sí i kó tó ṣí agolo iyọ̀ rárá. Kó yan ọ̀kan: magí tàbí iyọ̀.

Kán-ún ńkọ́? Kò sẹ́ni tó ń kà á. Orúkọ tí òyìnbó sọ ọ́, potash, ló ṣi àwọn èèyàn lọ́nà, wọ́n rò pé potassium ni. Sodium, èròjà inú iyọ̀ tó ń gbé BP ga, ló kún inú kán-ún wa. Ẹ rẹ ẹ̀wà sómi mọ́jú, á rọ̀ láìsí i. Ewédú tí ẹ bá fi ọ̀bẹ rẹ́ wẹ́wẹ́ kẹ́ ẹ tó fi ìjábẹ̀ já a, á yọ̀ dáadáa.

Ẹ má gé iyọ̀ kúrò lójijì, wọ́n á bu tiwọn sí i lórí tábìlì. Ẹ dín ìdá kan nínú mẹ́rin rẹ̀ kù, ẹ lo ọ̀sẹ̀ méjì mẹ́ta, kẹ́ ẹ tún dín in; ahọ́n á mọ́ ọn lára. Irú, edé, efinrin, àlùbọ́sà tó pọ̀ dáadáa, àwọn ni kó gba iṣẹ́ magí ṣe. Ṣùgbọ́n ẹ tọ́ irú wò ná, torí àwọn tó ń tà á máa ń fi iyọ̀ sí i kó má bàa bàjẹ́.

Iyọ̀ tí wọ́n fi potassium lú wà. Ní abúlé 600 ní ilẹ̀ Ṣáínà, wọ́n dán èyí tí ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ jẹ́ potassium chloride wò. Lọ́dún 2021 wọ́n kéde pé rọpárọsẹ̀ fi ìdá 14 nínú ọgọ́rùn-ún dín kù. Ó dára, àmọ́ ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ń ṣàìsàn, tàbí tó ń lo lisinopril tàbí spironolactone (oògùn BP ni wọ́n), kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án láìbéèrè. Potassium tó bá pọ̀ jù lẹ́jẹ̀ lè dá ọkàn dúró.

Àdùkẹ́_Òṣogbo:

Ẹ ṣé gan-an, mà. Ohun tí mi ò kọ ni pé wọ́n ti fún un ní amlodipine 10 mg, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Ó ní ẹsẹ̀ ń wú, ó sì máa ń dá a dúró bí nọ́ńbà bá ti wálẹ̀. Ó tún ń lo ibuprofen nítorí orúnkún.

Apòògùn_Ìlọrin:

Ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀ nìyẹn, àǹtí. Nọ́ńbà wálẹ̀ torí pé oògùn ń ṣiṣẹ́. Bó bá dá a dúró, kì í gòkè lọ́jọ́ náà, ìyẹn ló ń tan èèyàn jẹ. Amlodipine máa ń pẹ́ lára kó tó tán, lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan BP á padà síbi tó wà.

Ẹsẹ̀ tó ń wú, amlodipine máa ń fà á, pàápàá 10 mg. Oògùn tó ń mú èèyàn tọ̀ kì í sábà tú irú wíwú yẹn, ẹ má jẹ́ kó lọ dá a rà. Kó padà sọ́dọ̀ dókítà. Ó lè dín in sí 5 mg, kó fi perindopril, oògùn BP mìíràn, tàbí irú rẹ̀ kún un, èyí tó tún ń mú wíwú náà rọlẹ̀. Ìwádìí CREOLE tí wọ́n ṣe láàárín àwa aláwọ̀ dúdú ní Áfíríkà, tó jáde lọ́dún 2019, rí i pé amlodipine pẹ̀lú perindopril tàbí pẹ̀lú hydrochlorothiazide (oògùn ìtọ̀) ṣiṣẹ́ ju kí a so méjì tó kù yẹn pọ̀ láìsí amlodipine. Perindopril lè fa ikọ́ gbígbẹ. Bí ètè tàbí ahọ́n bá wú, pàjáwìrì ni.

Ibuprofen àti diclofenac ń gbé BP ga, wọ́n sì ń ba kíndìnrín jẹ́, pàápàá bí wọ́n bá bá perindopril àti oògùn ìtọ̀ pàdé. Jẹ́ẹ̀lì diclofenac tí wọ́n ń fi pa orúnkún sàn ju hóró lọ. Bó bá lo paracetamol, kó má jẹ́ èyí tó ń hó nínú omi, iyọ̀ sodium ló ń mú un hó. Kó yẹ oògùn ọ̀fìnkìn náà wò: èyí tí wọ́n bá kọ pseudoephedrine sí, kó dá a padà. Àgbo tí wọ́n fi ògógóró rẹ, mi ò tún ní sọ̀rọ̀ lórí ìyẹn.

Ní ti ìgbà tó yẹ kó lo oògùn BP náà, àárọ̀ tàbí alẹ́, èyí tí kò ní í jẹ́ kó gbàgbé ni kó mú.

Fisio_Abẹ́òkúta:

Fún orúnkún náà: àga tí kò kúrú, kó ká apá sáyà, kó dìde, kó rọra jókòó padà ní kíka ení, èjì, ẹ̀ta. Ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá, kó sinmi, kó tún ṣe é lẹ́ẹ̀mejì sí i, lọ́jọ́ méjì tàbí mẹ́ta lọ́sẹ̀. Bó bá dùn ún jù, kó fi ìrọ̀rí gbé ìjókòó ga. Kó má dá èémí dúró bó ṣe ń dìde, ìgbà yẹn ni BP máa ń fò sókè.

Ìrìn: ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀, ní ìyára tó fi lè sọ̀rọ̀ ṣùgbọ́n tí kò lè kọrin. 10,000 ìṣísẹ̀ lóòjọ́ tí wọ́n ń pariwo, orúkọ ẹ̀rọ kan tó ń ka ìṣísẹ̀ tí wọ́n tà ní Jàpáánù lọ́dún 1965 ló ti wá. Fún ẹni tó bá ti lé ní 60, láàárín 6,000 sí 8,000 lóòjọ́ ni èrè rẹ̀ kì í ti í fi bẹ́ẹ̀ pọ̀ sí i mọ́.

Nọ́ọ̀sì_Àgbà:

Àdùkẹ́, mo gbàgbé kan: kó gbé ẹ̀rọ náà dání lọ́jọ́ tó bá ń lọ sí ọsibítù. Kí nọ́ọ̀sì wọ̀n ọ́n, kó fi tiẹ̀ wọ̀n ọ́n lápá kan náà lẹ́yìn ìṣẹ́jú kan, kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Bí wọ́n bá ń fi ju 10 lọ yàtọ̀ síra ní gbogbo ìgbà, kó kọ́kọ́ pààrọ̀ bátìrì, kó wo bóyá rọ́bà rẹ̀ ń jò. Bí kò bá yí padà, kó ra òmíràn kó tó bẹ̀rẹ̀ ọjọ́ méje yẹn.