FSA ló san owó eyín mi
Mo kí gbogbo ilé o. Mo ti lo ọdún mẹ́ta nídìí iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ní Houston kí n tó fọwọ́ sí ìwé FSA, ìyẹn àpò owó ìtọ́jú ìlera tí ilé iṣẹ́ ní Amẹ́ríkà ń yọ látinú owó iṣẹ́ ẹni. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé owó téèyàn ò bá ná tán lọ́dún náà, ó ti wọgbó nìyẹn. Mo ní owó òógùn mi ò ní ṣègbé.

Ọmọ Ìjẹ̀bú kan tá a jọ ń ṣiṣẹ́ alẹ́ ló là mí lóye. Ó ní, "Àǹtí mi, ẹ kà á sí èsúsú. Ẹ̀yin lẹ máa kọ́kọ́ kó o, ẹ ó wá máa dá a bọ̀." Ní 2024, mo ní kí wọ́n máa yọ 50 dọ́là nínú owó ọ̀sẹ̀ méjì-méjì mi kí wọ́n tó bu owó orí. Ìgbà 26 là ń gbowó lọ́dún: 1,300 dọ́là.

Kí oṣù kìíní tó parí, eyín kan ò jẹ́ kí n sùn. Root canal ni, ìyẹn kí wọ́n fọ inú gbòǹgbò eyín kí wọ́n sì dí i. Lẹ́yìn tí inṣọ́ránsì san tirẹ̀, 1,080 dọ́là ló kù sí mi lọ́rùn. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n sì tíì yọ 50 dọ́là lọ́wọ́ mi! Mo na káàdì FSA, ó san gbogbo rẹ̀. Inú mọ́tò ni mo ti sunkún ayọ̀. Owó orí tí mi ò san lórí 1,300 yẹn nìkan lé ní 250 dọ́là.

Rísíìtì ló fẹ́ dà á rú. Bébà tí POS yọ ni mo fi ránṣẹ́, ni àwọn tó ń bójú tó FSA bá ti káàdì náà pa. Èyí tó sọ ọjọ́, iṣẹ́ tí wọ́n ṣe àti ẹni tí wọ́n ṣe é fún ni wọ́n ń fẹ́.

Mo tún bi wọ́n bóyá mo lè fi ra oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru fún màámi n'Ìbàdàn. Wọ́n ní rárá, torí Nàìjíríà ni màámi ń gbé. Ó dùn mí wọra, àwọn gan-an ni mò ń náwó ìwòsàn lé lórí jù.

Nínú oṣù kejìlá, 220 dọ́là ló kù, ilé iṣẹ́ wa kì í sì í gbé e wọ ọdún tuntun (àwọn mìíràn máa ń gbé díẹ̀). Mo fi ra awò ojú, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ìfúnpá, àti oògùn ara ríro. Láti 2020, irú oògùn bẹ́ẹ̀ ò nílò ìwé dókítà mọ́.

*

Ẹ ṣé, Àǹtí. Tèmi ò dára tó yẹn. Oṣù kẹjọ ni mo fiṣẹ́ sílẹ̀ ní Maryland, wọ́n ti yọ 640 dọ́là, mi ò sì tíì ná kọ́bọ̀ níbẹ̀. Mò ń tọ́jú rẹ̀ de ìparí ọdún. Ọ̀sẹ̀ kejì tí mo kúrò níbi iṣẹ́ ni mo lọ ra awò. Wọn ò san. Nílé iṣẹ́ yẹn, ohun téèyàn bá rà lẹ́yìn ọjọ́ tó ṣíwọ́ iṣẹ́ ò kàn wọ́n mọ́. Ẹni tá a jọ kúrò ti ná tirẹ̀ tán pátá láìtíì dá a pé, wọn ò sì lè gbà á padà lọ́wọ́ rẹ̀. Níbi iṣẹ́ tuntun, oṣù kejì ni mo ti lọ wo ojú.