Spina bifida: ibi tó yẹ kójú tó lára ọmọ tuntun

Nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí, Iléṣà

Spina bifida ni kí eegun ẹ̀yìn ọmọ má pa dé tán nínú oyún. Èyí tó ní kókó lẹ́yìn kì í fara pamọ́. Bí wọ́n bá ti ń nu ọmọ, wọ́n á rí ohun rọ̀bọ̀tọ̀ lórí eegun ẹ̀yìn, nítòsí ìbàdí lọ́pọ̀ ìgbà, tí awọ rẹ̀ fẹ́lẹ́ bí awọ inú ẹyin, tó sì lè máa ṣomi. Bó bá jẹ́ omi nìkan ló wà nínú rẹ̀, meningocele ni. Bí okùn iṣan ẹ̀yìn bá bá omi jáde, myelomeningocele ni, òun ló sì le jù. Ojú lásán kì í sábà lè ya méjèèjì sọ́tọ̀, nítorí náà ìtọ́jú wákàtí àkọ́kọ́ kan náà ni.

Ẹ da ọmọ dé, tàbí kí ẹ fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀; kò gbọdọ̀ fẹ̀yìn lélẹ̀. Ẹ rẹ gauze tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ tú nínú ìdì rẹ̀ sínú normal saline (omi oníyọ̀ ilé ìwòsàn) tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, ẹ tẹ́ ẹ lé kókó náà láìdi í mọ́ ọn, kí ẹ wá fi ọ̀rá (náílọ́ọ̀nù) mímọ́ bò ó. Gauze gbígbẹ á lẹ̀ mọ́ ọn, nígbà tí wọ́n bá sì fẹ́ ṣí i, á fà á ya. Ọ̀rá ni kì í jẹ́ kó tètè gbẹ, kì í sì í jẹ́ kí òtútù mú ọmọ. Ẹ fi ọ̀rá mìíràn dá ààlà sáàárín ihò ìdí àti kókó náà kí ìgbẹ́ má bàa kàn án. Kò sí spirit, kò sí GV, kò sí pọ́ńdà, kò sí àdí. Ohunkóhun tó bá wọ ibẹ̀, ọ̀nà ọpọlọ ló gbà. Ẹni tó bá ní eéwo ni, kí òun gún un, ẹ gba abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Láàárín wákàtí 48 sí 72 ló dára kí wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ dí ẹ̀yìn náà, kí kòkòrò tó wọlé. Kò sí ìdí tí ọmọ fi máa dúró di ọjọ́ ìkómọjáde kó tó dé OAUTHC, ilé ìwòsàn ńlá Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀.

Físíò, Ilé-Ifẹ̀

Ẹ ṣé, Àǹtí Nọ́ọ̀sì. Ẹsẹ̀ ló kù. Ẹ tú ọmọ sílẹ̀ níbi tí kò tutù, kí ẹ wo ẹsẹ̀ méjèèjì fún ìṣẹ́jú bíi márùn-ún kí ẹ tó fọwọ́ kàn án. Ṣé itan ń ká? Ṣé orúnkún ń nà? Ṣé ọmọ ìka ẹsẹ̀ ń mira? Bí itan bá ń ká ṣùgbọ́n tí orúnkún kò nà, ibi tí eegun ti là ga lẹ́yìn. Bí orúnkún bá ń nà tó jẹ́ pé ọrùn ẹsẹ̀ ni kò mira, ó wà nísàlẹ̀ sí i, ọmọ bẹ́ẹ̀ sì lè rìn lọ́jọ́ iwájú pẹ̀lú bàtà onírin.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ rọra já a léèékánná ní àtẹ́lẹsẹ̀. Ojú ọmọ ni kẹ́ ẹ máa wò, ẹ má wo ẹsẹ̀. Ẹsẹ̀ lè fà sẹ́yìn fúnra rẹ̀ láìjẹ́ pé ìrora náà dé ọpọlọ. Bí kò bá fajú ro, tí kò ké, ẹsẹ̀ yẹn kò mọ nǹkan lára. Ẹ̀yin ìyá wa tó ń wẹ ọmọ, ẹ jọ̀ọ́, omi gbígbóná àti táwẹ́ẹ̀lì jíjó kò gbọdọ̀ kan irú ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ọmọ ò ní ké, awọ á kàn bó ni. Ìgbọ̀nwọ́ ni kẹ́ ẹ fi dán omi wò. Gbígbé ọmọ sókè lẹ́sẹ̀ náà kò yẹ, torí oríkèé ìgbáròkó lè ti yẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Ìyá kan, Mọdákẹ́kẹ́

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ihò kékeré tó wà lókè ìdí ọmọ ńkọ́, tí kò sí kókó kankan níbẹ̀?

Dókítà ọmọdé, Ilé-Ifẹ̀

Lọ́pọ̀ ìgbà, kì í ṣe nǹkan kan, Màmá. Bó bá jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo, láàárín gbùngbùn, tí kò fẹ̀ ju mílímítà 5 lọ, tí kò sì jìnnà sí ihò ìdí ju sẹ̀ǹtímítà 2.5 lọ, ẹ fi sílẹ̀. Èyí tó yẹ ká ya sikáànì fún ni èyí tó ga ju bẹ́ẹ̀ lọ, tàbí tó ní ìdì irun, ọ̀rá rírọ̀ tó wú lábẹ́ awọ, àpá pupa, tàbí tí ìlà ìdí ọmọ wọ́ sápá kan. Kí oṣù mẹ́ta tó pé ni sikáànì lásán (ultrasound) ti ń ríran wọlé dáadáa, torí eegun ibẹ̀ kò tíì le. Lẹ́yìn ìyẹn ó di MRI, owó rẹ̀ sì yàtọ̀. Ẹ má fá irun náà kẹ́ ẹ tó gbé ọmọ wá.

Orí ni ọ̀pọ̀ ń gbàgbé. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti dí ẹ̀yìn tán ni omi máa ń gbára jọ sínú ọpọlọ ọmọ púpọ̀. Ẹ fi téèpù yí orí ká lókè ìpéǹpéjú àti etí, kó gba ibi tó yọ jù ní ìpàkọ́. Ẹ wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mẹta, kí ẹ mú èyí tó tóbi jù. Orí ọmọ tó gbó dáadáa kó tó wáyé máa ń wà láàárín sẹ̀ǹtímítà 33 sí 37. Orí máa ń fi bíi sẹ̀ǹtímítà 2 pọ̀ sí i lóṣooṣù fún oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà 1 lóṣooṣù fún oṣù mẹ́ta tó tẹ̀ lé e. Bó bá ń sáré ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ má dúró. Nígbà tí dókítà ọmọdé David Morley ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà àti ní Ìmẹ̀sí-Ilé ní ìparí àwọn ọdún 1950 ló gbé káàdì ìdàgbàsókè ọmọ kalẹ̀, ìwọ̀n kílò ló sì wà fún. Ẹ máa kọ ti orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Àwùjẹ̀ tó wú nígbà tí ọmọ jókòó jẹ́ẹ́, ẹyinjú tó ń wolẹ̀ tí funfun rẹ̀ hàn lókè, èébì, igbe tó dún ṣóńṣó: ọjọ́ náà gan-an ni kẹ́ ẹ gbé e wá. Bí ọmú bá ń há a lọ́fun, tí èémí rẹ̀ ń dún tàbí tó ń dáwọ́ dúró, kò tún gbọdọ̀ di alẹ́.

Nọ́ọ̀sì ẹ̀ka ìtọ̀, Ilé-Ifẹ̀

Páńpásì tí kì í gbẹ náà jẹ́ àmì. Ọmọ tí ara rẹ̀ yá máa ń tú ìtọ̀ lẹ́ẹ̀kan, á sì gbẹ fún ìgbà díẹ̀. Ẹ ṣí ìdí ọmọ sílẹ̀, ẹ máa wò ó. Bó bá ń kán tótó láìdáwọ́ dúró, tàbí tó ń jò bó bá ké, iṣan àpò ìtọ̀ kò ṣiṣẹ́. Kíkán tótó yìí ló ń tan ènìyàn jẹ: àpò ṣì kún, ìtọ̀ sì lè máa padà sókè sí kíndìnrín láìsí ìrora. Rọ́bà tín-ín-rín ni wọ́n fi ń fà á lẹ́ẹ̀kan ní wákàtí mẹ́ta sí mẹ́rin. Ọwọ́ tí a fi ọṣẹ wẹ̀ ti tó. Láti ọdún 1972 ni Jack Lapides, dókítà ìtọ̀ kan ní Amẹ́ríkà, ti fi hàn pé ìmọ́tótó lásán ṣe é lò. Rọ́bà yẹn kò gbọdọ̀ jẹ́ latex (rọ́bà tí wọ́n fi oje igi ṣe), torí ara ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ yìí kì í gbà á. Latex náà ni bàlúùn ọjọ́ ìbí.

Físíò, Ilé-Ifẹ̀

Ẹ jẹ́ kí n fi ti àwọn tó ti dàgbà kún un. Ọmọ tó ti ń rìn, tí kì í tọ̀ sára mọ́, tó wá bẹ̀rẹ̀ sí í kọsẹ̀, tí ẹ̀yìn ń ro, tí ẹsẹ̀ kan ń tẹ̀, tí ìtọ̀ tún ń jò, pàápàá lásìkò tó ń yára ga: okùn iṣan ẹ̀yìn rẹ̀ ti lè lẹ̀ mọ́ nǹkan nísàlẹ̀, tí gíga sì ń fà á. Ọ̀lẹ kọ́.

Nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí, Iléṣà

Ti oyún tó ń bọ̀. Nǹkan bí ọjọ́ 28 lẹ́yìn tí oyún sọ ni ẹ̀yìn ọmọ ti yẹ kó pa dé, nígbà tí ọ̀pọ̀ obìnrin kò tíì mọ̀ pé òun lóyún. Nítorí náà, folic acid mílígíráàmù 0.4 lójoojúmọ́ kí oyún tó dé, títí di ọ̀sẹ̀ 12. Ìyá tó ti bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ rí nílò tó mílígíráàmù 4, ìyẹn ni dókítà fi ń kọ oníhóró mílígíráàmù 5 tó wà ní ilé oògùn. Ẹni tó ń lo valproate fún wárápá kó lọ bá dókítà rẹ̀ kó tó lóyún. Kó má dá oògùn náà dúró fúnra rẹ̀.