Ẹ Má Gbé Àpò Wá: Ìrírí Àwa Tí À Ń Wá Ilé fún Ajá àti Ológbò

Ìyá Ajá, Tánkẹ̀, Ìlọrin

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Wọ́n ní kí àwa tí à ń tọ́jú ẹranko wá sọ ohun tójú wa ti rí. Ẹ jẹ́ kí n ṣíwájú, torí tí ẹlòmíì bá ti kọ tiẹ̀, oorun á gbé mi lọ.

Aṣọ ni mò ń rán. Àwọn ọmọ àdúgbò ló sọ mí ní Ìyá Ajá. Ọdún keje rèé tí àgbàlá tí bàbá mi fi sílẹ̀ ti di ilé ajá àti ológbò, mi ò sì pète ẹ̀ rí. Apá Òkè-Odò níbí, ọmọ yunifásítì ló kún gbogbo ilé tí wọ́n fi ń háyà. Tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, wọ́n á ra ọmọ ológbò, wọ́n á máa gbé e ya fọ́tò. Tí wọ́n bá ṣèdánwò àṣekẹ́yìn tán, wọ́n á kó mátírẹ́ẹ̀sì, wọ́n á kó gáàsì, wọ́n á gbé fáànù, ológbò á ṣẹ́ kù sórí fẹ́ǹsì. Tó bá di ọjọ́ kẹta tí kò rí ẹni ṣílẹ̀kùn fún un, á bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Igbe yẹn ló kó bá mi. Ní bí mo ṣe ń kọ èyí, ajá mọ́kànlá, ológbò mẹ́rìndínlógún.

Òfin ilé mi ò ju ẹyọ kan lọ: a kì í pa ẹran nítorí pé àyè ò sí tàbí pé kò rẹ́ni gbà á. Ní Amẹ́ríkà tí irú ilé báyìí pọ̀ sí, ilé tó bá gba 90 là nínú 100 ẹran tó wọ ibẹ̀ ni wọ́n ń kà mọ́ àwọn tí kì í pa; wọ́n gbà pé nínú àwọn tó kù la ó ti rí èyí tí àìsàn rẹ̀ ò gbóògùn mọ́. Èmi ò ní ẹ̀rọ ìṣirò tó bẹ́ẹ̀. Ìwé tí mo fi ń kọ ìwọ̀n aṣọ ni mo yí sẹ́yìn: níwájú, ìwọ̀n àyà àti ìbàdí àwọn oníbàárà, lẹ́yìn, orúkọ ajá, ọjọ́ tó wọlé, ọjọ́ tó gba abẹ́rẹ́, ẹni tó mú un lọ.

Gbogbo èèyàn rò pé kíkó wọn wọlé ló le. Rárá o. Wọ́n á fẹsẹ̀ ara wọn wá. Ẹni tí o máa fà á lé lọ́wọ́ ni iṣẹ́.

Lọ́dún àkọ́kọ́, ọkùnrin kan dé lọ́jọ́ Sátidé. Ó ní òun ń kọ́lé lọ́wọ́, òun ń wá ajá tí á máa ṣọ́ búlọ́ọ̀kù. Ọ̀rọ̀ dùn lẹ́nu ẹ̀. Mo mú un dé ọ̀dọ̀ ajá ìbílẹ̀ pupa kan tó ti sanra lọ́wọ́ mi. Ọkùnrin yìí ò wo ojú ajá. Kò pè é, kò súfèé sí i. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fọwọ́ tẹ ẹ̀yìn ẹ̀, ó tẹ itan ẹ̀, ó tún gbé e sókè díẹ̀ bí ẹni tó ń yan àgbò Iléyá. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ máa fún un jẹ?" Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ìyá, ṣé kò tíì ju ọdún méjì lọ? Èyí tó bá gbó jù máa ń le."

Ẹ gbà mí! Kí ló máa le? Mo yọjú wo ọ̀kadà ẹ̀ níta, àpò ìrẹsì òfìfo àti okùn ló wà lẹ́yìn ẹ̀. Fóò-ó-fóò, ìyẹn ẹran ajá, ni bàbá ń lọ sè. Mi ò bá a jà. Mi ò ní kí ẹni tó ń jẹ ajá má jẹ ẹ́, ọ̀pọ̀ baba ńlá wa ló fi ajá bọ Ògún. Ṣùgbọ́n kì í ṣe èyí tí mo fọwọ́ ara mi já eégbọn kúrò létí ẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo ní ẹnìkan ti sanwó ẹ̀.

Láti ọjọ́ yẹn, tí àlejò bá dé, mi ò ní mú ajá jáde. Màá fún un lómi, màá ní kó jókòó, màá bi í pé ajá wo ló kọ́kọ́ sìn, kí ló sì ṣe ajá náà. Ẹni tó sin ajá dénú, ohùn ẹ̀ á yí padà tó bá kan ibi tí ajá yẹn gbé kú. Ẹni tí kò sìn ín dénú á ní, "Ó ṣáà kú ni." Ẹni tó bá ní "ó ṣáà kú" yẹn, omi tó mu lọ́dọ̀ mi ti tó o. Mo sì máa ń gba owó abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ mú un. Kì í ṣe èrè, ṣùgbọ́n ẹni tó fẹ́ sè é kì í sanwó abẹ́rẹ́ dìgbòlugi.

Akọ tó bá máa jáde nílé mi, wọ́n á ti tẹ̀ ẹ́ lọ́dàá. Abo, wọ́n á ti yọ ilé ọmọ ẹ̀. Àwọn kan ń sọ pé mo ń fìyà jẹ ẹran. Oyún ajá ò ju nǹkan bí ọjọ́ 63 lọ, ó sì lè bí mẹ́jọ lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tó ń bínú sí mi, kó wá kó mẹ́jọ yẹn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ẹ̀bi tèmi náà. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo bá páálí Indomie lẹ́nu géètì, ọmọ ajá mẹ́fà ló wà níbẹ̀, ojú wọn mọ́lẹ̀ kedere. Àánú ṣe mí, mo kó wọn tààrà sáàárín àwọn ọmọ ajá tó wà nílẹ̀. Lọ́jọ́ karùn-ún, ọ̀kan ò jẹun. Ní alẹ́, ó ń bì, ó ń ya ìgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀, òórùn ẹ̀ dá yàtọ̀, ẹ ò lè gbàgbé ẹ̀ tí ẹ bá ti gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan. Pavo ni, àìsàn tó máa ń pa ọmọ ajá. A sáré kó wọn lọ sí ilé ìwòsàn ẹranko ti yunifásítì, wọ́n fa omi sí wọn lára, ṣùgbọ́n mẹ́rin nínú mẹ́fà lọ, wọ́n sì mú méjì nínú tèmi dání. Dókítà ní kòkòrò yẹn lè wà nínú ilẹ̀ fún oṣù púpọ̀, ọṣẹ lásán ò ràn án. Bílíìṣì ìwọ̀n kan sínú omi ìwọ̀n 30 ni mo fi fọ gbogbo sìmẹ́ńtì. Ilẹ̀ tó jẹ́ erùpẹ̀, mo kàn pa á tì. Ní báyìí, ẹran tuntun ń sun yàrá ọ̀tọ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, bó ti wù kójú ẹ̀ mọ́lẹ̀ tó.

Ìyàwó Ọlọ́jà, Ọ̀fà

Ìyá Ajá, ẹ kú iṣẹ́ o. Tèmi ò gùn, ó sì ń dùn mí títí dòní.

Èmi ni mo fọwọ́ ara mi pa ológbò mi. Ara ẹ̀ gbóná, kò jẹun. Mo gé parasitámọ́ sí méjì, mo lọ ìdajì, mo pò ó mọ́ ẹja. Mo rò pé mò ń ṣe ìyá ni. Kó tó di ọ̀sán ọjọ́ kejì, ojú ẹ̀ ti wú, èrìgì ẹ̀ tó máa ń pọ́n ti di àwọ̀ kòkó, ó ń mí bí ẹni tó sáré. Mo gbé e lọ bá dókítà, ó ya ẹnu ẹ̀ wò, ó ní, "Oògùn wo lẹ fún un?" Kò tíì gbọ́ ẹjọ́ o, ó ti mọ̀. Ó ní ẹ̀dọ̀ ológbò ò lè fọ́ oògùn yẹn bíi tèèyàn, pé ó ń ba ẹ̀jẹ̀ jẹ́ débi tí ẹ̀jẹ̀ ò ní lè gbé atẹ́gùn kiri mọ́. Ìdajì hóró! Èyí tí mo ń fún ọmọ ọlọ́dún mẹ́jọ!

Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá gba ológbò lọ́wọ́ ìyá yìí, kó kọ èyí sára ògiri.

Ọmọ Ọdẹ, Òmù-Àrán

Ẹ ṣé, màmá Ọ̀fà. Ẹ má dá ara yín lẹ́bi, ta ló kọ́ wa?

Lọ́dún tó kọjá, ajá aládùúgbò wa bu ọmọkùnrin mi jẹ lójúgun. Kí n tó délé, àwọn èèyàn ti kó kùmọ̀ jáde. "Ẹ pa á! Ẹ yọ ẹ̀dọ̀ ẹ̀, ẹ sun ún fọ́mọ jẹ!" Ohun tí wọ́n ń sọ nílé tiwa náà nìyẹn nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Bàbá mi, ọdẹ paraku, gbà á gbọ́ títí tó fi kú.

Àbúrò ìyàwó mi tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ló dúró bí ọkùnrin. Ó gbé ẹsẹ̀ ọmọ sábẹ́ ẹ̀rọ omi, ó fi ọṣẹ fọ ọ́ fún ìṣẹ́jú 15, ọmọ ń ké, kò dá a lóhùn. Ó wá yíjú sí àwọn tó mú kùmọ̀. Ó ní, "Ẹ so ajá yẹn mọ́lẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. Tó bá pé ọjọ́ 10, tí kò kú, tí ìwà ẹ̀ ò yí padà, a jẹ́ pé dìgbòlugi ò sí nínú itọ́ ẹ̀ lọ́jọ́ tó bù ú jẹ. Tẹ́ ẹ bá pa á, tẹ́ ẹ jẹ ẹ́, ta la máa wò?"

Ẹnu wọn wọhò. Ọ̀rọ̀ yẹn ló jẹ́ kí òfin "a kì í pa" yé èmi.

A ò dúró de ọjọ́ kẹwàá ká tó bẹ̀rẹ̀ abẹ́rẹ́ ọmọ o. Ọjọ́ náà gan-an la lọ, torí tí dìgbòlugi bá ti fi àmì hàn lára èèyàn, ẹ̀pa ò bóró mọ́. Ajá wà ní ìdí igi àgbálùmọ̀. Ọmọ mi ń fi èédú fa ìlà sára ògiri láràárọ̀, ìlà kan fún ọjọ́ kan. Lọ́jọ́ kẹwàá, ajá jẹ ẹ̀bà tán, ó na ara, ó yán. Mi ò rí ẹran tí yíyán ẹ̀ dùn mọ́ mi tó bẹ́ẹ̀ rí. Ẹni tó ni ín ní òun ò fẹ́ ẹ mọ́, ọmọ mi sì bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún pé ká gbà á. Ọ̀dọ̀ wa ló wà. Ìlà mẹ́wàá yẹn ṣì wà lára ògiri, ìyá ẹ̀ ò jẹ́ ká kùn ún.

Ọmọ Ọjà Ọba, Ìlọrin

Ẹ má bínú sí mi o, Ìyá Ajá. Wọ́n ní ní Ìlọrin, ẹṣin ni eégún ilé baba wa. Ológbò, a fẹ́ràn ẹ̀. Ajá wá ńkọ́? Ìlú kéwú nìlú wa, màláíkà kì í wọ ilé tí ajá wà. Ta ló ń gbà á lọ́wọ́ yín gan-an?

Ọlọ́pọ́n Ayò, Àjàṣẹ́-Ìpò

Eku ti fẹ́ẹ̀ lé mi jáde nílé. Ẹ bá mi wá ológbò kan, ṣùgbọ́n kì í ṣe dúdú o.

Ìyá Ajá, Tánkẹ̀, Ìlọrin

Ọmọ Ọjà Ọba, ìbéèrè rẹ dáa, mi ò bínú.

Alfa kan wà, ilé kẹta sí tèmi, ó ń kọ́ àwọn ọmọ ní kéwú. Ọdún mẹ́ta ló fi bá mi ṣẹjọ́. Ariwo ajá ń da ìrun òun rú. Òun ṣe àlùwàlá tán, ajá fara kan òun. Ọ̀kan wà tó burú jù nínú wọn, akọ ńlá kan tí ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀ sọ ní Aláìmoore. Ẹ mọ bí a ṣe ń fi orúkọ ajá bá aládùúgbò sọ̀rọ̀. Tó bá gbó lóru, á dé Kúlendé.

Ó ku ọ̀sẹ̀ kan kó di Iléyá, olè wọlé Alfa, wọ́n kó àgbò méjì. Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn ìrun ìṣà, mo gbọ́ "Sàlámù àlékùn" lẹ́nu géètì. Alfa ni. Kò wọlé. Ó wo ilẹ̀, ó wo òkè, ó ní, "Ìyá, èyí tó ń pariwo jù yẹn dà?"

Mo rẹ́rìn-ín títí, òun náà rẹ́rìn-ín. Ẹnu ẹ̀ ni mo ti gbọ́ àlàyé, torí èmi ò kéwú jìnnà. Ó ní ajá ọdẹ, ajá darandaran àti ajá tó ń ṣọ́ oko, àyè wà fún wọn nínú hádíìsì; àwọn alfa kan sì fi ajá ìṣọ́lé wé wọn. Ó ní nínú mọ́síhábì Málíkì, ìlànà òfin ẹ̀sìn tí à ń tẹ̀ lé níbí, ara ajá fúnra ẹ̀ kì í ṣe nàjísì, ìyẹn ohun ẹlẹ́gbin, abọ́ tó bá lá ni à ń fọ̀ lẹ́ẹ̀méje. Ẹnu géètì ni yóò sì máa gbé, kò ní wọ yàrá. Mo bi í pé ajá wo ló ti sìn rí. Ó ní kò sí. Ó wá sọ pé nígbà tóun wà lọ́mọ kéwú, òun ń fi ìṣẹ́kù tùwó òun bọ́ ajá kan lẹ́yìn mọ́sálásí, ọkọ̀ pa á. Ó dákẹ́ díẹ̀ kó tó sọ pé ọkọ̀ pa á. Mo fún un.

Orúkọ ló kù. Ó ní òun ò lè máa dìde ní àsùbáà kóun máa pariwo "Aláìmoore!" kí gbogbo àdúgbò rò pé àwọn lòun ń bá wí. Ó sọ ọ́ ní Kítímírì. Orúkọ tí wọ́n ń pe ajá àwọn ará ihò àpáta nìyẹn, èyí tó wà nínú Súrà Káhfì, tó na ọwọ́ ẹ̀ méjèèjì sẹ́nu ọ̀nà.

Lẹ́yìn oṣù kan, mo lọ láìsọ fún wọn. Àwọn ọmọ kéwú jókòó ti wàláà. Kítímírì sùn sí ìta géètì lábẹ́ òrùlé páànù, omi tútù wà níwájú ẹ̀. Wọ́n ti fi tàdáwà kọ AJÁ gàdàgbà sára abọ́ ẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má ṣèèṣì bu omi àlùwàlá sí i. Ó rí mi, ó mi ìrù lẹ́ẹ̀kan, kò dìde.

Ará Àjàṣẹ́, dúdú ló kù o. Mẹ́ta, ìyá kan náà ló bí wọn. Oṣù márùn-ún rèé tí èèyàn ń wá, wọ́n ń gbé pupa, wọ́n ń gbé aláwọ̀ eérú, wọ́n ń fo tèmi bí ẹni fo ẹbọ oríta. Tó bá jẹ́ àjẹ́ ni wọ́n, wọn ì bá ti fo fẹ́ǹsì lọ nígbà tí mo fún wọn ní abẹ́rẹ́. Èyí àárín ló mọ eku pa jù, ó pa méjì lánàá, ó tò wọ́n sí ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ mi. Ẹ wá wò ó lọ́jọ́ Àìkú, lẹ́yìn aago mẹ́rin. Agbọ̀n tó ní ìdérí ni kí ẹ gbé dání. Ẹ má gbé àpò wá.