Tírákítọ̀ kékeré mi ò rìn mọ́, bẹ́ẹ̀ ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́

Ọmọ_Ìsánlú
Ọ̀kún o ẹ̀yin ará ilé, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí. Tírákítọ̀ kékeré tí mo fi ń gé koríko nínú oko kaṣú, èyí tó ní gíà hàìdírọ́líìkì tí wọ́n ń fẹsẹ̀ tẹ̀, kò rìn mọ́ láti ìrọ̀lẹ́ àná. Ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́ dáadáa, kò yọ èéfín, bíléèdì ń yí, ṣùgbọ́n tí mo bá tẹ̀ ẹ́ síwájú kò lọ, ẹ̀yìn náà kò lọ. Àwa márùn-ún la tì í délé. Ọyẹ́ ti dé, koríko ti gbẹ, ẹ sì mọ bí iná ìgbẹ́ ṣe máa ń jó oko kaṣú lásìkò yìí, ìdajì ni mo tíì gé. Mẹkáníìkì ọ̀kadà kan wò ó, ó ní gíà ti kú, kí n lọ wá òmíràn ní Ìlọrin. Owó yẹn ń dẹ́rù bà mí. Ṣé lóòótọ́ ni?

Sípáánà_Kábà
Ọ̀kún o ọ̀gá. Ẹ má tíì ra nǹkan kan o. Irú gíà yẹn kì í sábà kú lójijì, tó bá fẹ́ lọ á máa rìn dáadáa láàárọ̀ tó ṣì tutù, tó bá wá gbóná á bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ̀ ẹ́, pàápàá tó bá ń gun òkè. Ṣé tiyín ṣe bẹ́ẹ̀? Bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ tẹ̀lé agbára láti ẹ́ńjìnnì títí dé táyà kẹ́ ẹ wo ibi tó ti dúró. Bẹ́líìtì bíléèdì yàtọ̀ sí bẹ́líìtì ìrìn, torí náà pé bíléèdì ń yí ò sọ nǹkan kan. Ẹ wo fáànù kékeré orí gíà lẹ́yìn, tẹ́ ẹ bá gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí bíréèkì ó yẹ kó máa yí. Tí kò bá yí, bẹ́líìtì ti bọ́ tàbí ó ti rọ̀, tàbí sípíríǹgì tó ń fà á ti já. Ojú lẹ fi máa wò ó o, ẹ má kiwọ́ bọ̀ ọ́.

Ìyá_Oko_Mọpà
Ẹ kú wàhálà bùọ̀dá. Ẹ tún wo irin kékeré ẹ̀yìn tí wọ́n máa ń fà kí táyà lè yí fàlàlà tí wọ́n bá fẹ́ tì í. Igi lè kọ́ ọ nínú oko. Tèmi ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́dún tó kọjá, ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ń sunkún owó gíà tí gíà ò sì ṣe nǹkan kan.

Ọmọ_Ìsánlú
Ẹ ṣé gan-an ni. Fáànù ń yí. Irin ẹ̀yìn wà lójú ẹ̀. Kò rẹ̀ ẹ́ rárá kó tó dúró, ńṣe ni táyà òsì gun ìdí kùkùté kan, nǹkan ró kọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó parí.

Sípáánà_Kábà
Ìró yẹn gan-an lọ̀rọ̀ wà! Ẹ mú ṣọ́ọ̀kì, ẹ fa ìlà kan láti ojú ṣáàfù, irin tó gba àárín táyà, dé ara rímù, táyà ẹ̀yìn méjèèjì. Kí ẹnì kan jókòó lórí ẹ̀ kó tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, kí ẹ̀yin dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́, kí ẹnikẹ́ni má wà níwájú tàbí lẹ́yìn. Tí ìlà bá pín sí méjì, kíì, irin kékeré tó so ṣáàfù mọ́ rímù, ló gé. Ẹyọ kan péré tó bá gé ti tó, torí gbogbo agbára á sá lọ sí ẹ̀gbẹ́ tó rọrùn, táyà kejì ò ní fa nǹkan kan.

Ọmọ_Ìsánlú
Ìlà pín! Ti òsì ni. Mo pa ẹ́ńjìnnì, mo fi búlọ́ọ̀kù gbé e dúró, mo yọ táyà, kíì ti gé sí méjì, ojú ibi tó ti gé ń dán bíi ṣílè tuntun, ìdajì kan ṣì há sínú ihò ṣáàfù. Wẹ́dà àdúgbò ní ká kúkú jó rímù mọ́ ṣáàfù.

Ìyá_Oko_Mọpà
Háà, ẹ má gbà o! Iná wẹ́dà á jó rọ́bà tó ń dá ọ́ìlì dúró, ọ́ìlì á máa jò, táyà yẹn ò sì ní ṣeé yọ mọ́ láéláé. Ẹ ní kí wọ́n gé kíì tuntun, kẹ́ ẹ fi gíríìsì pa ṣáàfù kẹ́ ẹ tó dá táyà padà.

Ọmọ_Ìsánlú
Ó ti rìn o! Méjì ni mo ní kí wọ́n gé, mo fi èkejì sínú àpótí irinṣẹ́. Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun. Mo ti padà sóko, ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ni mo ti bẹ̀rẹ̀, torí ibẹ̀ ni iná máa ń gbà wọlé.