Ibo ni kí n ka aláboyún tí wọ́n gbé láti ilé agbẹ̀bí lọ sílé ìwòsàn mọ́?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí ni mí ní Ìjerò-Èkìtì, mo sì ń ṣe ìwádìí lórí bí ibi ìbímọ ṣe ń kan ìlera ìyá àti ọmọ.

Ìṣòro mi ni pé àwọn aláboyún kan máa ń bẹ̀rẹ̀ ìrọbí lọ́dọ̀ agbẹ̀bí ìbílẹ̀ tàbí nílé ìgbẹ̀bí ìjọ, tí ó fi jẹ́ pé ìgbà tí ẹ̀jẹ̀ bá ń ya tàbí tí gìrì bá dé ni wọ́n ń sáré gbé wọn lọ sí Adó. Bí ẹ̀mí bá bọ́, ìwé ilé ìwòsàn ni ikú náà ń wọ̀, ibi tí wàhálà ti bẹ̀rẹ̀ a sì dà bí ibi tí kò léwu.

Mo ti ka ìwádìí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó jáde ní 2011, tí ó kan obìnrin tí ó lé ní 64,000: ibi tí kálukú gbèrò láti bímọ sí nígbà tí ìrọbí bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n fi pín wọn, kì í ṣe ibi tí wọ́n bí i sí. Mo gbìyànjú láti bi àwọn ìyá léèrè lẹ́yìn ìbí, ṣùgbọ́n ojú ń ti àwọn mìíràn láti sọ òtítọ́ fún nọ́ọ̀sì (n kò dá wọn lẹ́bi, àwa náà máa ń bú wọn jù).

Ọ̀nà wo ni mo lè gbà mọ ibi tí obìnrin kọ́kọ́ gbèrò sí, pàápàá ẹni tí kò sí láyé mọ́ láti dáhùn?

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú pé ọ̀rọ̀ mi gùn. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ yín ṣáájú.