Èsì: "Ajíbéèsì" kò bá Rickey Henderson mu

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀gbọ́n wa,

Ẹ̀gbọ́n tó kọ̀wé nípa Rickey Henderson, ará Amẹ́ríkà tó ṣe eré béèsìbọ́ọ̀lù, pè é ní "ajíbéèsì", kó lè fi túmọ̀ "base stealer" ti Gẹ̀ẹ́sì: ẹni tó ń sá lọ gba béèsì tó kàn (àpò pẹlẹbẹ nílẹ̀ tí eléré ń sá dé) kí wọ́n tó fi bọ́ọ̀lù kàn án. N kò fara mọ́ ọn rárá. Ẹni tó bá gbọ́ "ají-" níbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, Ajíbádé àti Ajíbọ́lá ni yóò sọ sí i lọ́kàn. Ká tiẹ̀ fi ìyẹn sílẹ̀. Kí olóhun má mọ̀ ni jíjí. Ta ni kò mọ̀ nínú béèsìbọ́ọ̀lù?

Henderson á yọ kúrò lórí béèsì kìíní ní bí ẹsẹ̀ bàtà 12, á tẹjú mọ́ gìgísẹ̀ ajubọ́ọ̀lù. Ajubọ́ọ̀lù náà rí i kedere. Ó lè yí padà sọ bọ́ọ̀lù sí béèsì kìíní láti fi mú un. Ìgbà tó bá ti dojú kọ ẹni tó di igi mú láti gbá bọ́ọ̀lù, tí kò lè yí padà mọ́, ni Henderson á tú eré. Bọ́ọ̀lù á lo bí ìṣẹ́jú àáyá 1.3 kó tó dọ́wọ́ ẹni tó ń hán an, ìyẹn á tún lo bí 2 láti sọ ọ́ dé béèsì kejì. Ẹni tó bá pẹ́ gbéra, bọ́ọ̀lù á ti dè é síbẹ̀. Orí ni Henderson máa ń kì wọlé, á fàyà họ ilẹ̀, kí ọwọ́ rẹ̀ lè kan béèsì kí wọ́n tó fi bọ́ọ̀lù kàn án.

Òfin eré náà gan-an ti dá ẹjọ́ yìí: bí àwọn tó ń ṣọ́ pápá kò bá bá a du béèsì náà, wọn kì í kà á fún un. "Já béèsì gbà" ni. Ẹni tó sì ní "já… gbà" kò ṣe é sọ di ọ̀rọ̀ orúkọ nítorí pé ó là sí méjì, kí ló fẹ́ ṣe sí "abanijẹ́"? Ajábéèsìgbà, ọ̀nà kan náà ni.

Ẹ̀gbọ́n fi òwe gbè é: ọjọ́ gbogbo ni tolè, ọjọ́ kan ni tolóhun, torí pé ìgbà 335 ni wọ́n mú Henderson. Ṣùgbọ́n ní 1982 tó já 130 gbà, ìgbà 42 ni wọ́n mú un, kò sì ṣíwọ́. Lọ́jọ́ kìíní oṣù Karùn-ún 1991, ó já ìkọkàndínlógójì-lé-lẹ́ẹ̀dẹ́gbẹ̀rún, ìyẹn 939, tó fi kọjá Lou Brock, ẹni tí tirẹ̀ pọ̀ jù tẹ́lẹ̀. Ó fa béèsì kẹta yọ nílẹ̀, ó gbé e sókè lójú gbogbo ayé. 1,406 ló kó jọ kó tó fẹ̀yìn tì. Olè wo ló ń ṣe bẹ́ẹ̀?

Àwọn àgbà tó pe rédíò ní asọ̀rọ̀mágbèsì wo iṣẹ́ tó ń ṣe kí wọ́n tó sọ ọ́ lórúkọ. Wọn kò tẹ̀ lé Gẹ̀ẹ́sì lẹ́sẹẹsẹ.

Ní ti Ọ̀gá tó ní olùkọ́ èdè lòun láti ọjọ́ pípẹ́, nítorí náà kí a gba "agbábọ́ọ̀lù ìta" fún "outfielder" ti Gẹ̀ẹ́sì: ẹ̀yìn pápá lápá òsì ni Henderson ń ṣọ́, inú pápá sì ni. Ó ń hán bọ́ọ̀lù, ó ń sọ ọ́ padà. Kò gbá nǹkan kan níbẹ̀. "Aṣọ́ ẹ̀yìn pápá" ni mo dúró lé, títí ẹnìkan yóò fi mú èyí tó sàn jù wá.